Ẹ Jẹ́ Kí Igbá Tún Gun Ara Ilé Wa

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ tó ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ sì ti mu omi yó, ni ó máa ń wu ọ̀pọ̀ onílé ní àwọn ìlú ńlá wa láti fi òdòdó ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn a sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì lọ, wọn a ra ìtàkùn olódòdó inú ọ̀rá dúdú, èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣòro í pè, tí owó rẹ̀ sì ṣòro í san. N kò ní kí ẹni tó lówó má ná an. Ṣùgbọ́n ìtàkùn kan wà tí àwọn baba wa mọ̀ dunjú, tí ń ti inú kóró hù, tí ń gun ohunkóhun tí a bá nà fún un, tí ń tanná funfun báláú, tí í sì í kú lọ́dọọdún lẹ́yìn tó bá ti fi èso lé ẹni tó gbìn ín lọ́wọ́: igbá ni.

Igbá tí a fi ń bu omi mu, igbá tí a fi ń gbé ẹrù ìyàwó, igbá tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń fín, tí àwọn onílù ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lára kí ó tó di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ń dún títí di òní ní Kúbà àti Bùràsíìlì. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yẹ igbá àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wò wí pé láti Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀, àti pé ó jọ pé orí omi òkun ni ó léfòó dé ọ̀hún, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ọkọ̀ ẹrú tó gbéra. Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní àìkàrágbá kí ayé tó bá a fi kó ilẹ̀: a ti fi ike rọ́pò rẹ̀ nílé ìdáná, a kò sì ká a mọ́ òdòdó.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Kóró rẹ̀ yigbì, nítorí náà kí a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí a sì gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ dáadáa, níbi tí yóò gbé dàgbà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ ìṣíkiri. Igi tí yóò gùn gbọ́dọ̀ lágbára, èso igbá wúwo. Kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a kò bá tètè fi ọ̀nà hàn án, orí òrùlé ni yóò gbà lọ. Àpọ̀jù àjílẹ̀ a sọ ọ́ di eléwé lásán.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìtànná rẹ̀ máa ń là, nígbà tí adìẹ bá ń wọlé lọ sùn, tó rí wúruwùru bí aṣọ àlà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lómi, tí àfòpiná yóò sì máa bà lé e títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti rọ. Àwọn kan a máa ráhùn pé igbá àwọn ń tanná ṣùgbọ́n kò so. Akọ ni ó kọ́kọ́ ń yọ, lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Abo ń bọ̀ lẹ́yìn, a ó sì mọ̀ ọ́n nípa ọmọ igbá kékeré onírun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí àfòpiná bá wọ́n ládùúgbò, kí a já akọ kan nírọ̀lẹ́, kí a ya ewé ìtànná rẹ̀ kúrò, kí a fi àárín rẹ̀ ra àárín abo.

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ní ìtàkùn ń fa ejò wọlé. Igbó tí a kò ro ni ejò ń fi ṣe ibùba, kì í ṣe igbá tó wà lókè, tí a ń ro ìdí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí ọmọdé jẹ èyí tí inú rẹ̀ korò, nítorí májèlé ni.

Kí a má ṣe já igbá títí igi ìdí rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ní kóró, ẹ ra kèrègbè kan tí a kò tí ì là lọ́wọ́ àwọn tí ń ta igbá lọ́jà, ẹ mì í létí. Bó bá ń dún, kóró inú rẹ̀ tó ilé yín, ó tó ti aládùúgbò.