Ìgbìmọ̀ Tó Ń Jókòó Kí Ìjà Tó Dé

Inú ẹ̀wà Calabar ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn ojú glaucoma. Percy Julian, onímọ̀ kẹ́míkà aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, ló rí ọ̀nà láti ṣe é nínú ilé ìwádìí lọ́dún 1935, láìlo ẹ̀wà náà mọ́. Ọlọ́gbọ́n tí ayé ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ra ilé sí Oak Park, ìlú kékeré tó fẹ̀gbẹ́ kan Chicago, lọ́dún 1950, àwọn kan gbìyànjú láti dáná sun ilé náà kí òun àti ẹbí rẹ̀ tó kó wọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1951, wọ́n tún ju dáínámáìtì síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ohun tó fà á ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ìlú yìí kan náà ló dá ìgbìmọ̀ ìbágbépọ̀ aráàlú sílẹ̀ lọ́dún 1963. Àwọn ará ìlú tó ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni, kò sí owó oṣù níbẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí í rú ní Austin, àdúgbò Chicago tó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn éjẹ́ǹtì ilé a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn a sọ fún òyìnbó pé aláwọ̀ dúdú ti ń kó bọ̀, kó yára ta ilé rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó já wálẹ̀. Òyìnbó tí ẹ̀rù ti bà a tà á ní ọ̀pọ̀. Éjẹ́ǹtì yìí kan náà a wá tà á fún aláwọ̀ dúdú ní ọ̀wọ́n. Ẹ̀rù di ọjà, àwọn méjèèjì ló sì pàdánù.

Oak Park kò dúró kí èyí wọlé tọ̀ ọ́ wá. Lọ́dún 1968, ìlú náà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ kọ̀ láti ta ilé tàbí láti fi ilé háyà fún ẹlòmíràn. Lọ́dún 1972, Roberta Raymond dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń mú àwọn tó ń wá ilé kiri, funfun àti dúdú, kí ẹ̀yà kan má baà kóra jọ sí òpópónà kan ṣoṣo. Títí dòní, tẹ̀yà-tẹ̀yà ló ń gbé ìlú náà pọ̀.

Mi ò ní tàn yín pé ìgbìmọ̀ nìkan tó. Chicago gan-an ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1943, lẹ́yìn tí rògbòdìyàn Detroit pa èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìgbìmọ̀ yẹn ti wà nígbà tí wọ́n sọ òkúta ba Martin Luther King lórí ní Marquette Park, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1966, níbi tó ti ń wọ́de pé kí aláwọ̀ dúdú lè gbé ibi tó wù ú. Òfin ilé wà nínú ìwé ní Chicago láti ọdún 1963. Àwọn tí yóò mú un ṣẹ ni kò ṣe é tọkàntọkàn. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ohun kan wà nínú ètò àwọn ìgbìmọ̀ yìí tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé. Òfin ìpínlẹ̀ Illinois ní kí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò síta, ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú ìpàdé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá wá lè sọ̀rọ̀. Àlejò tó kó dé lóṣù tó kọjá lè dìde níbẹ̀ kó sọ ohun tó ń dùn ún. Kò di ìgbà tí wọ́n bá dáná sun ilé ẹnìkan.

Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2021, gbólóhùn asọ̀ tó kan alábàárù kan ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn di ìjà Yorùbá àti Hausa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́, ilé àti ìsọ̀ ti jóná, Gómìnà Mákindé sì ti ọjà náà pa. Àwọn gómìnà wá láti òkè Ọya láti wá pẹ̀tù sí i. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníṣòwò láti òkè Ọya kò kó oúnjẹ àti màlúù wá sí gúúsù mọ́. Àlùbọ́sà àti tòmátì gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Hausa ti ń gbé Sábó n'Ìbàdàn kan náà.

A ní ohun tí Oak Park kò ní. Baálẹ̀, Sẹ̀ríkí àwọn Hausa àti Ìyálọ́jà mọ ilé ẹni, wọ́n mọ ẹni tí a lè rán sí onínúfùfù kó gbọ́. Bí wọ́n bá parí ìjà, wọn a tún bi ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bóyá ẹ ti ń kí ara yín. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n a máa ń ti ààfin baálẹ̀ bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà kò ní irú agbára yẹn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ni kò mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ ìgbà wo là ń pe àwọn àgbà wa? Ìgbà tí iná bá ti ràn ni. Bí wọ́n bá sì pé, Sẹ̀ríkí wá bí àlejò tí wọ́n fi ojú rere hàn sí, kì í ṣe bí ẹni tó ní àga tirẹ̀. Alábàárù kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń ta ata kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ìjà ti máa ń ṣẹ̀ ni a kì í pè. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala kẹẹ̀ẹ́dógún, ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé ibikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n orí tí wọ́n kọ ọ́ sí kì í ṣe èyí tí kóòtù lè fi mú ìjọba. Ó kù sọ́wọ́ wa.

Plateau ti dá iléeṣẹ́ àlàáfíà sílẹ̀ lọ́dún 2016, Kaduna ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò yẹ kí ilẹ̀ Yorùbá san irú owó ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ṣáṣá, ní Mile 12 l'Ékòó, ní Ṣàgámù, kí baálẹ̀ ṣe alága, kí òfin ìjọba ìbílẹ̀ sì fún Hausa, Igbo àti àwọn yòókù tó ń gbé ibẹ̀ ní àga tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù, ní gbangba, kí alábàárù náà lè sọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà fún àwa tí a wà lókè òkun. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkó lọ́dún 2023, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn tí wọ́n pè ní Igbo kúrò níbi ìdìbò, àwọn kan nínú wa ń ti ibí fi ohùn ránṣẹ́ sílé pé kí àlejò mọ ara rẹ̀ ní àlejò. Àwa tí a ń bẹ òyìnbó pé kó má pè wá ní àjèjì! Ó dùn mí dé egungun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Bí ìlú tí ẹ ń gbé bá ní irú ìgbìmọ̀ yìí, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìlú bí èèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín nílé pé ó yẹ kó dá tirẹ̀ sílẹ̀.