Ẹkún Ọmọ Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀ Nílé-Ìwé

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní Bantè àti Savalou, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn wá lọ́kàn tipẹ́, a kò sì ní í dákẹ́ mọ́.

Nílé-ìwé wa, bí ọmọ bá bínú, a ní ìpáǹle ni. Bó bá sunkún, a ní ọ̀lẹ ni. Bí ẹ̀rù bá bà á níwájú pátákó tí kò lè dáhùn, a ní olódo ni, pàṣán á sì dé. Ta ló wá kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí yóò fi ìbínú rẹ̀ ṣe? Kò sí. À ń kọ́ ọ ní ìṣirò, à ń kọ́ ọ ní Faransé kó lè yege nínú CEP, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tó ń ru, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní òfin ọmọdé, Code de l'enfant, tó fi òfin de lílu ọmọ nílé-ìwé. Ó dára. Ṣùgbọ́n a gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà, a ò fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe tíṣà nìkan là ń bá wí. Àwa òbí náà là ń lọ sọ fún un pé, "Ẹ bá wa nà án dáadáa!"

Àwọn kan á ní, "Wọ́n nà wá, a sì di ènìyàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka là ń pa, a kì í gé gbòǹgbò. Àwọn tó di ènìyàn nìkan la sì ń kà. Àwọn tó sá kúrò ní CE1 ńkọ́, tí wọ́n gba ọ̀nà Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ nínú oko olóko? Wọn ò sí ní ìpàdé wa láti sọ tiwọn.

Àwọn mìíràn á ní nǹkan òyìnbó ni. Rárá o! Ta ló ni "sùúrù ni baba ìwà"? Kí làwọn ìyá wa ń fi àlọ́ Ìjàpá kọ́ ọmọ lálẹ́, bí kò ṣe ibi tí ojúkòkòrò àti ìbínú ń gbé ni lọ? Ilé-ìwé àwọn amúnisìn ló kẹ́gàn ẹ̀kọ́ yẹn. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á so "symbole" mọ́ ọn lọ́rùn bí olè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè fi Faransé sọ pé ojú ń ti òun, tàbí pé ọkàn òun bàjẹ́. Èdè tó fi ń sunkún nílé ló lè fi sọ ọ́.

Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì kò tìtorí ẹ̀ sọnù lẹ́nu wọn. Ṣé ìṣẹ́jú 15 ló máa wá pa Faransé tiwa?

Ohun tí à ń béèrè kò ná wa lówó. Éducation sociale ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ wa. Kí olùkọ́ mú ìṣẹ́jú 15 nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní èdè tí ọmọ gbọ́: Ìṣà ní Bantè, Ifẹ̀ ní Tchetti, Mahi níbi tí Mahi bá ti pọ̀. Kí ọmọ sọ ohun tó bí i nínú. Kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí òun ìbá ṣe. Kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ka ení, èjì, dé ẹẹ́wàá kí a tó fèsì, àti bí a ṣe ń tọrọ àforíjì. Kí ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ pe ìyá àgbà kan wá pa àlọ́.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ẹnu yín là ń fẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, gbogbo ayé á péjọ sí Savalou fún iṣu tuntun. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ ní gbangba, kí ilé-ìwé tó wọlé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.