Wíwá Ìṣúra ní Etí Òkun

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan wá bá mi nílé, wọ́n mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ dá ìkànnì fídíò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa fi wíwá ìṣúra ní etí òkun àti ìrìn-àjò inú igbó han aráyé. Ohun mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú ìwé náà pé àwọn yóò yà, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ṣa èyí tí ó dára nínú wọn. Èkíní nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni pé wọn yóò ra owó fàdákà àtijọ́ díẹ̀ lọ́jà, wọn yóò rì wọ́n mọ́ inú iyanrìn ní òru, wọn yóò sì wá hú wọn jáde ní ọ̀sán gangan níwájú kámẹ́rà, bí ẹni pé Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wọ́n ni.

Mo bi wọ́n léèrè bí ojú kò ní tì wọ́n. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dáhùn pé, “Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe é.”

Irọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe é pọ̀ tó láti ba ojú àwọn ọmọ wa jẹ́. Ẹni tí ó bá ní làákàyè kì í sì pẹ́ kí ó tó dá wọn mọ̀. Fàdákà tí ó ti pẹ́ nínú omi iyọ̀ kì í dán. Dúdú ni í dà, nígbà púpọ̀ ni owó mẹ́wàá tàbí ogún sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn di odidi kan bí òkúta. Wúrà ni omi iyọ̀ kì í pa láwọ̀ dà. Nígbà tí ènìyàn bá rí fàdákà tí ń kọ yànrànyànràn láti inú iyanrìn, kí ó ti mọ̀ pé àná ni wọ́n sin ín.

Èrò mi ni pé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀, bí àwọn tí ó ni ín bá mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi hàn. Iṣẹ́jú kan péré ni ohun dídán tí a hú jáde fi ń gba ojú. Bí a ṣe mọ ibi tí a ó wá a sí, bí ó ṣe dé ibẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí a fi lé lẹ́yìn tí a rí i, èyí ni ó tó wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni kan tí ó rí ìṣúra ní tòótọ́. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1715, ìjì líle kọlu ọ̀wọ́ ọkọ̀ òkun àwọn ará Sípéènì tí ń kó wúrà àti fàdákà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sí ilé. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni ó rì ní etí òkun Florida, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó sì bá wọn lọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Kip Wagner, tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ń gbé ní agbègbè náà. Ó ṣàkíyèsí pé nígbàkígbà tí ìjì bá jà tí omi sì wọ́ iyanrìn lọ, owó fàdákà dúdú a máa yọjú ní etí omi. Ẹlòmíràn ìbá ṣa á, ìbá tà á, ìbá sì lọ. Ṣùgbọ́n Wagner wo ọdún tí ó wà lára wọn, ó sì rí i pé kò sí ọ̀kan tí ó kọjá 1715. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí í ṣe oníṣègùn wá àwọn ìwé àtijọ́ kiri, títí ó fi dé ilé-ìkàwé ńlá ti ìjọba ní Washington, níbi tí ó ti rí ìwé kan tí Bernard Romans tẹ̀ jáde ní 1775; àwòrán ilẹ̀ inú ìwé náà sì tọ́ka sí ibi tí ọkọ̀ wọnnì gbé rì. Wagner wá ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ-ogun fi ń wá bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀. Ó fi ń tọ iyanrìn kiri, ẹ̀rọ náà a sì máa dún bí irin bá wà nísàlẹ̀, títí ó fi rí ibi tí àwọn tí ó yè nínú ìjì náà pàgọ́ sí. Ní àwọn ọdún 1960, ìròyìn ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jáde nínú omi kàn ká gbogbo ayé. Òkun kò sì tíì tán nínú fífúnni: ní 2025 nìkan, owó tí àwọn òmùwẹ̀ tún rí níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Bí mo ti ń sọ ìtàn yìí, mo rí i pé ojú àwọn ọmọ náà ti là. Mo wá fi apá kejì kún un. Ní 2015, àwọn kan tí ó gba àṣẹ láti wá nǹkan ní ibi kan náà rí owó wúrà 101. Wọ́n fi 51 han ìjọba, wọ́n sì fi 50 pamọ́. Ní 2024, àwọn agbófinró Florida kéde pé ọwọ́ ti tẹ 37 nínú àádọ́ta náà. Owó kan náà ni, inú omi kan náà ni ó ti wá; ṣùgbọ́n 51 di ohun tí a lè fi kọ́ni ní ìtàn, ìyókù di ẹjọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi fọwọ́ sí ohun kẹta nínú ìwé wọn. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ awárin àti ṣọ́bìrì lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfú lẹ́bàá Àgbádárìgì, kí wọ́n walẹ̀ wá owó ẹyọ àti ẹ̀wọ̀n. Lọ́nà kìíní, òfin kò gbà á. Òfin tí ó dá àjọ tí ń ṣe àbójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ohun ìrántí ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Kì í ṣe tiwa nìkan ni ó le. Ní etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, àní kí ènìyàn máa ṣa nǹkan lórí ẹrẹ̀ lásán, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ń ṣàkóso èbúté.

Lọ́nà kejì, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ibi tí owó ẹyọ ti wá. Wọ́n ní inú òkun wa ni. Rárá o! Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa fi ná ọjà kì í ṣe ọmọ òkun tiwa. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó ni ó kó o yí ilẹ̀ Áfíríkà ká wá sí èbúté wa, ohun tí wọ́n sì fi rà ní èbúté bí Àgbádárìgì ni ènìyàn. Wọn a fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ẹrú kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹrẹfú, wọn a sì dà wọ́n gba orí iyanrìn erékùṣù náà kọjá lọ sí etí òkun, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń dúró. Ta ni yóò máa pariwo ayọ̀ níwájú kámẹ́rà nítorí pé ó rí ẹ̀wọ̀n ní irú ibẹ̀? Kí wọ́n fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ nílé. Kí wọ́n rin ọ̀nà náà láti ọ̀sà dé òkun, kí kámẹ́rà má dánu dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀. Èyí nìkan tó fídíò.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé àwọn yóò sùn ní etí òkun, àti pé àwọn yóò wẹ̀ nínú ìgbì. Mo fagi lé ti ìwẹ̀ láìjanpata, nítorí ìgbì òkun Èkó a máa fa òmùwẹ̀ pàápàá lọ. Mo sì kìlọ̀ ihò jíjìn fún wọn. Iyanrìn a máa ya lu ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó lè kígbe. Ìhò tí ó bá ga ju orúnkún lọ ti pọ̀ jù.

Èyí tí ó wù mí jù kò sí nínú ìwé wọn. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Láti 1908 wá ni wọ́n ti fi òkúta mọ odi wọ inú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, kí ọkọ̀ lè máa wọlé láìséwu. Odi náà dá iyanrìn dúró. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ń gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí a ń pè ní Bar Beach nígbà náà, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ ọdọọdún, títí wọ́n fi wá ń mọ odi ńlá ti Eko Atlantic síbẹ̀ láti dá a padà. Mo ní kí wọ́n yan igi àgbọn kan ní etí òkun tí ó súnmọ́ wọn, kí wọ́n máa lọ dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n fi okùn wọn ibẹ̀ dé etí omi, kí wọ́n sì fi ohun tí omi gbé wá han àwọn òǹwòran: èso igi tí ó léfòó, àwọ̀n tí ó já, ike, ipa ẹsẹ̀ ìjàpá òkun tí ó wá yé ẹyin. Ẹni tí ó bá mọ bí iyanrìn ṣe ń rìn ni ó lè mọ ibi tí ohun wúwo ń fìdí kalẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni Wagner ṣe mọ̀ ọ́n.

Àbúrò nínú wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, bi mí pé, “Ọ̀gá, bí a bá wá a láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí a kò rí nǹkan kan ńkọ́?”

Mo ní kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wo ojú ara wọn, ẹ̀gbọ́n wọn sì fi bírò fagi lé èkíní. Ti oorun etí òkun ṣì wà nínú ìwé náà títí di òní. A kò tíì parí àríyànjiyàn rẹ̀.