Ta Ni Yóò Gbọ́ Èdè Aláìsàn?

Ẹ̀yin ará wa ní Kaduna, bí ọ̀kan nínú wa bá ní, "Orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn mí lára," èyí kò sọ ọ́ di wèrè. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́, ó sì lè jẹ́ àìsùn ọmọ tó ń múra ìdánwò. Ní 1960, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé lórí irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni láti yẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Kì í fúnni lóògùn. Ìbéèrè, ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí a ṣe fún Òyìnbó, tí a kàn yí sí Yorùbá, lè sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín ń sọ Yorùbá nílé, Hausa lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Ta ló tún yẹ fún iṣẹ́ yìí jù wọ́n lọ? Síbẹ̀, dókítà àti lọ́yà nìkan ni à ń lé wọn sí.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn nínú wa a máa fi òru gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ sílé, kí aládùúgbò má baà mọ̀. A kò bú wọn, ìtìjú ni.

A ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kí wọ́n ya owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ẹnì kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí títí dé oyè kejì, nítorí oyè àkọ́kọ́ nìkan kò tó o. Kí ẹ̀yin òbí mú orúkọ wá fún akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé.