Okùn kámẹ́rà kì í ṣe okùn lásán

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìkómọjáde ọ̀sẹ̀ tó kọjá síbí lẹ ti ń bi mí pé kámẹ́rà wo ni, lẹ́ńsì wo ni. Kò sẹ́ni tó bi mí ní okùn tí mo fi gbé e kọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n kọ eléyìí kí n tó padà sídìí thesis mi.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá lówó láti ra kámẹ́rà, ẹ yọ owó okùn gidi sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ owó lẹ́ńsì kejì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ṣé okùn náà lo wá sọ di àròkọ?" Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà òtútù ọdún tó kọjá, mo lọ ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ ní gbọ̀ngàn kan níbí ní Winnipeg. Okùn tó wà lọ́rùn mi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á ní dọ́là 18. Irú èyí tá a máa ń gbé kọ́ sọdá àyà ni, tí kámẹ́rà á dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, tó jẹ́ pé síkúrù kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ìdí kámẹ́rà. Bàbá ọmọ ń jó, wọ́n ń ná an lówó, mo ní kí n sáré bọ́ síwájú. Mo kàn gbọ́ gbàgà nílẹ̀ ni. Síkúrù ti tú. Lẹ́ńsì ló kọ́kọ́ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀.

Kì í ṣe ìyẹn ló já mi láyà. Ọmọ ọdún méjì kan wà lẹ́sẹ̀ mi tó ń ṣa dọ́là nílẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà yẹn gbà kọjá kò ju ìka mẹ́rin sí orí rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gba dọ́là 400 lọ́wọ́ mi láti tún lẹ́ńsì ṣe, mo sì ti gbàgbé ìyẹn. Ojú tí obìnrin yẹn fi wò mí ni mi ò gbàgbé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ okùn kọjá ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan. Ibi tí ìbàdí àgbà wà, ibẹ̀ ni orí ọmọdé wà. Lóde tiwa, àwọn ọmọ ń sáré gba abẹ́ tábìlì, ìyá àgbà ń jó bọ̀ lẹ́yìn, nǹkan tó wúwo tó kílò méjì sì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ má sì rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Canon 5D Mark IV pẹ̀lú bátìrì àti káàdì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 890. Lẹ́ńsì 24-70mm f/2.8L II jẹ́ gíráàmù 805. Tẹ́ ẹ bá gbé fláàṣì àti bátìrì mẹ́rin rẹ̀ lé e, ó ti lé ní kílò méjì. Ẹ wá gbé e fún wákàtí mẹ́fà. Okùn tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí gàdàgbà, ọrùn nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù yẹn lé. Àwa tá a ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tẹ orí ba níwájú láptọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀, ṣé ọrùn wo ló tún kù?

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Ta ló rí ìyá tó gbé ọmọ kọ́rùn? Ẹ̀yìn ló ń pọ̀n ọ́n sí, ọ̀já tó fẹ̀ ló sì ń fi so ó, kí ẹrù lè tàn ká ara. Onígángan náà, èjìká ló ń gbé ìlù kọ́, okùn rẹ̀ kì í sì í ṣe tín-ín-rín. Ẹrù tó bá máa pẹ́ lára, ẹ gbé e kúrò lọ́rùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí okùn rẹ̀ fẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ rà báyìí, ibi tó ti so mọ́ kámẹ́rà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ihò síkúrù tó wà nídìí kámẹ́rà, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún. Bí kámẹ́rà bá ṣe ń fì tẹ́ ẹ ń rìn, síkúrù lè máa yí díẹ̀díẹ̀ títí á fi tú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o. Ṣùgbọ́n kí rọ́bà wà láàárín, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó dìde, kí okùn kékeré kejì sì so mọ́ etí kámẹ́rà, kó lè gbà á tí síkúrù bá já yín kulẹ̀. Èmi ti padà sí etí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà ní tèmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó rọ̀ bíi fóòmù máa ń dùn mọ́ èjìká ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ó ń nà, kámẹ́rà á sì máa fò sókè sódò bẹ́ ẹ ti ń rìn. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n hun bíi bẹ́líìtì ọkọ̀ kì í nà bẹ́ẹ̀, ó sì ń yọ̀ dáadáa lórí aṣọ. Awọ ń tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń le níbẹ̀rẹ̀. Àwa tá a wà nílùú yìnyín, ẹ wọ kóòtù òtútù yín kẹ́ ẹ tó dán an wò. Okùn tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí bùbá á yọ̀ bọ́ lórí kóòtù, tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ èjìká kan. Ẹ gbé e sọdá àyà, kó sì gùn tó.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tan yín jẹ. Peak Design ní àwọn ìsopọ̀ róbótó tiwọn lè gbé 90 kg. Ó dáa, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n okùn wẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ń jẹ. Tí àwọ̀ mìíràn bá ti yọ lábẹ́ dúdú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ sì wo ojú rírán àti òrùka irin pẹ̀lú, torí ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù ni okùn ti ń já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi aṣọ òkè ṣe, ó wù mí gan-an, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kí aṣọ òkè ṣe ẹwà, kí náílọ́ọ̀nù gbẹ́rù.

Ìdánwò tèmi kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ìgò omi lítà méjì wúwo tó kílò méjì. Ẹ kó o sínú báàgì tó lágbára, ẹ fi okùn yẹn gbé e, kẹ́ ẹ máa dáná, kẹ́ ẹ máa gbálẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí èjìká bá ti ń ráhùn, ẹ dá a padà kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Èyí tó wọ́n jù kọ́ ló máa ń yege.

Ìyá ọmọ yẹn ṣì ń pè mí wá ya fọ́tò. Tí mo bá ti wọlé, okùn ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó kí mi. Kò jẹ̀bi rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí èyí tó dáa ju tèmi lọ, ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́.