Dígí kan, ègbè púpọ̀



Orin tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe orin Òrìṣà, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: "Man in the Mirror" tí Michael Jackson kọ. Òun kọ́ ló hun ún o. Siedah Garrett àti Glen Ballard ni wọ́n jọ hun ún. Ó jáde nínú àwo "Bad" lọ́dún 1987, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1988, ó ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan wọ ẹ̀wù òtútù, ó rí àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní ìgboro, ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó wà nínú dígí ni kí òun kọ́kọ́ tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń bọ Orí. Ẹ rántí ìtàn inú Ògúndá Méjì, níbi tí wọ́n ti bi àwọn Òrìṣà pé ta ló lè bá ẹni tó ń bọ ọ́ rìn kọjá òkun láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè lọ, àmọ́ bí kálukú bá dé ìlú baba rẹ̀ tó sì jẹun yó, ilé ló máa padà sí. Orí nìkan ni kì í padà. Àwa tí a kọjá òkun lóòótọ́ la ni ìtàn yìí. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ló ń lọ dá Ifá tí kì í ṣe "Ta ló wà nídìí ọ̀ràn mi?" ló ń bèèrè? Bí Ifá bá ní kó tún ìwà rẹ̀ ṣe, á ní babaláwo yẹn ò gbọ́ Ifá, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì títí yóò fi rí ẹni tó máa bá a dárúkọ ọ̀tá.

Àmọ́ mo ní iyàn kan bá orin náà jà. "Tún ara rẹ ṣe" ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ náà fẹ́ràn láti sọ fún ọ. Lọ́dún 1987 kan náà, ìlú Hialeah ní Florida ṣòfin láti fi dá ẹbọ ẹran dúró nígbà tí ilé Lukumí kan fẹ́ ṣí ojúbọ síbẹ̀. Ká ní dígí nìkan ni Ernesto Pichardo àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò, òfin náà ì bá ṣì wà. Wọ́n pe ìlú náà lẹ́jọ́, wọ́n pàdánù nílé ẹjọ́ méjì, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá wọn láre lọ́dún 1993. Gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò.

Ẹ tún orin náà gbọ́, ẹ ó rí i pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Níbi tó ti dárúkọ ìyípadà ni ohùn orin ti gòkè, tí ẹgbẹ́ akọrin Andraé Crouch sì gbè é. Orin ìjọ ni tiwọn, lóòótọ́, àmọ́ ta ló dúró ti onílù bàtá rí tí kò mọ lílé àti ègbè? Láti ibẹ̀ lọ, kò dá a kọ mọ́.

Nínú àwọn ilé wa níhìn-ín, lílé pọ̀, ègbè ló wọ́n. Gbogbo wa la lè sọ̀rọ̀ ìwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọdún Òrìṣà bá parí, ìyá méjì ló ń fọ gbogbo ìkòkò. Ẹni tuntun tí kò gbọ́ Yorùbá dúró sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń dáhùn, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Bí ọdún tiyín bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ pè é wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní ègbè orin méjì tàbí mẹ́ta.