Ìyìn Àjèjì Kò Ṣeé Fojú Tẹ́ńbẹ́lú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn." Ọ̀rọ̀ àgbà yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò lónìí tí àwọn ọmọ wa ń bá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ṣe eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí ó jókòó sí Kánò lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó wà ní Jámánì àti ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé. Wọn kò mọ ojú ara wọn. Bí eré bá sì ti parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tún pàdé mọ́ láé. Nítorí náà ni ìtìjú kò fi ká ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ kò: bí ẹnìkan bá ṣe àṣìṣe, èébú a máa rọ̀ lé e lórí bí òjò.

Àpẹẹrẹ kan ni League of Legends, tí ilé-iṣẹ́ Riot Games ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2009, níbi tí ènìyàn márùn-ún ti ń dojú kọ márùn-ún. Nígbà tí ẹjọ́ èébú pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà dá irú ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2011. Àwọn tí ń ṣe eré náà ni wọ́n ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn, tí wọ́n sì ń dìbò bóyá kí wọ́n jẹ arúfin níyà tàbí kí wọ́n dárí jì í.

Ìjìyà dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ìjìyà a máa sọ ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe. Kì í kọ́ni ní ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tí ó fi sùúrù tọ́ ọ̀gbẹ̀rì sọ́nà kò ní orúkọ nínú ìwé ilé-ẹjọ́. Oníjàgídíjàgan nìkan ni ó ní. Àléébù yìí ni ilé-iṣẹ́ náà wá oògùn sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, nígbà tí ó fi àyè sílẹ̀ kí oníkálùkù lè yin ẹlòmíràn lẹ́yìn eré: ẹni tí ó lọ́yàyà, ẹni tí ó ran ni lọ́wọ́, ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Èyí tí ó wuyì jù ni ẹ̀kẹrin, ìyìn fún alátakò tí ó ṣe eré rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Blizzard fi irú ètò yìí sínú Overwatch. Ipò ìyìn níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 dé 5; ẹni tí kò bá sì rí ìyìn gbà mọ́, ipò rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀.

Àwọn kan ń ṣàtakò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó-ọ̀yà nítorí pé ó ṣe ohun tí ó tọ́. Wọ́n tún ní ọ̀rẹ́ méjì lè gbìmọ̀ pọ̀ láti máa yin ara wọn. Òótọ́ wà nínú èyí, nítorí bí ẹ̀bùn bá tóbi jù, ìyìn yóò di ọjà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ̀bùn náà kéré, kí ó sì ti ọwọ́ àwọn tí wọn kò mọ ara wọn rí wá. Ìyìn ọ̀rẹ́ lè ní ojúsàájú nínú. Ìyìn àjèjì tí kò retí nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀rí gidi ni.

Ẹni tí ó ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣáájú rẹ̀ dé Jọ́ọ̀sì tàbí Màídúgùrì. Ìwà tí aládùúgbò rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó di orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá gbé fóònù sílẹ̀, kí àwọn òbí má ṣe bi í léèrè kìkì pé ta ni ó borí. Kí wọ́n bi í pé ta ni ó ràn lọ́wọ́, ta ni ó sì yìn. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ nínú eré wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún náà máa ṣe tirẹ̀.